Ariwo Tó Ń Yá Oòrùn Lórí Òrùlé Oyèwùsì

Bí ẹ bá dé Òkè-Àràbà, tí ẹ bá bá wọn jókòó pẹ́ díẹ̀, ẹ ó gbọ́ ọ. Ẹnì kan á máa ké tantan pé ìyàwó ọmọ òun ló ń tú ilé òun ká. Ẹlòmíràn á wò ó títí, á ní, "Ariwo tí Oyèwùsì ń wá kiri, orí òrùlé rẹ̀ ló ti ń yá oòrùn." Gbogbo ilé á bú sẹ́rìn-ín, àlejò nìkan ni yóò máa wo ẹnu wọn. Ẹ jọ̀wọ́, báwo ni ariwo ṣe ń yá oòrùn? Ṣé alángbá ni? Ṣé ó ní ikùn tó máa fi lélẹ̀ lórí páànù ni? Mo ti gbọ́ oríṣiríṣi ìtumọ̀ tí kò lórí tí kò nídìí. Olùkọ́ kan tiẹ̀ fi ọwọ́ sọ̀yà fún mi pé ọmọ Oyèwùsì ló máa ń gun òrùlé lọ pariwo. Irọ́ pátápátá! Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ni Oyèwùsì bí, kò sì gun òrùlé rí láyé rẹ̀. Ẹ fara balẹ̀, òwe yìí kò dàgbà tó bí ẹ ṣe rò. Àwọn tí ó ṣojú wọn ṣì ń jẹ ẹ̀bà.

Ilé iṣẹ́ wáyà ni Oyèwùsì ti fẹ̀yìn tì, níbi tí wọ́n ti ń fi ìka ta ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ láti ìlú dé ìlú láyé ìgbà kan. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fẹ̀yìn tì, wọ́n dá oko kòkó. Òun ra rédíò. Kì í ṣe irú èyí tí ẹ fi ń gbọ́ ìròyìn o. Rédíò tí èèyàn fi ń gbọ́, tó tún ń fi fọhùn ni. Ìjọba fún un ní ìwé àṣẹ lé e lórí. Ẹni tó bá ní irú rẹ̀ ní ìlú mìíràn á gbọ́ ohùn rẹ̀, á sì dá a lóhùn, inú afẹ́fẹ́ lásán ni ọ̀rọ̀ wọn ń gbà lọ. Ó ta wáyà láti orí igi àgbọn iwájú ilé dé orí òpó irin ẹ̀yìnkùlé, ló bá di Bàbá Oníwáyà lẹ́nu tọmọdé tàgbà. Àwẹ̀ró, ìyàwó rẹ̀, ní gbogbo wáyà ayé ti pé sí ilé òun, kò sì sí èyí tí òun lè sá aṣọ lé.

Orí rédíò yìí ló ti bá Dáfò pàdé. Ọmọ Jọ́ọ̀sì ni Dáfò, ṣùgbọ́n ó ti ṣiṣẹ́ wáyà rélùwéè ní Ọ̀fà fún ọdún mọ́kànlá, Yorùbá rẹ̀ já gaara, ó sì mọ̀ ọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́ èèyàn. Ní gbogbo Sátidé, bí aago mẹ́wàá òwúrọ̀ bá ti lù, ohùn rẹ̀ á jáde láti Jọ́ọ̀sì: "Oyèwùsì, ṣé o ṣì wà láyé?" Oyèwùsì á ní, "Mo wà, mò ń dúró kí ìwọ kọ́kọ́ lọ!" Wọ́n á rẹ́rìn-ín títí. Ọdún mọ́kànlélógún ni wọ́n fi ṣe èyí. Wọ́n sin òbí, wọ́n fọmọ fọ́kọ, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n fi tó ara wọn létí, bẹ́ẹ̀ wọn ò fojú kan ara wọn rí. Òwúrọ̀ sì ni wọ́n gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Bí oòrùn bá ti wọ̀, ohùn Jọ́ọ̀sì á fò wọ́n ré kọjá, ohùn àwọn ará ilẹ̀ òkèèrè á sì gba ibẹ̀ kan.

Àfi bí ariwo kan ṣe wọ inú rédíò ní ọ̀sẹ̀ kan. Kẹ̀ẹ̀rẹ̀rẹ̀rẹ̀rẹ̀! Ó ń dún bí ẹ̀pà tí wọ́n ń yan nínú iyanrìn, láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Sátidé àkọ́kọ́, Oyèwùsì kò gbọ́ ju "Oyè" nínú orúkọ ara rẹ̀ lọ. Sátidé kejì, kò gbọ́ nǹkan kan rárá. Ó tú wáyà, ó tún un so. Ó nu gbogbo ojú ibi tí wáyà ti pàdé wáyà. Ariwo ń yan ẹ̀pà rẹ̀ lọ.

Ọjọ́ Mọ́ńdè tó tẹ̀ lé e ni àtẹ̀jíṣẹ́ Dáfò wọlé sórí fóònù. Oyèwùsì kà á, ó jókòó sílẹ̀, ó tún un kà.

"Kí ló dé?" Àwẹ̀ró bi í.

"Ọ̀fun Dáfò ni. Àìsàn ti wọ̀ ọ́. Mọ́ńdè tó ń bọ̀ ni wọ́n máa ṣiṣẹ́ abẹ fún un. Wọ́n ní yóò yè é, ṣùgbọ́n wọ́n máa gé ibi tí ohùn ti ń jáde. Kò ní lè fọhùn mọ́ láyé rẹ̀."

Àwẹ̀ró káwọ́ lérí. "Yéè! Dáfò! Ẹ pè é lórí fóònù kíákíá!"

"Ó ní rárá. Ó ní ibi tí òun ti kọ́kọ́ fọhùn sí mi, ibẹ̀ náà ni òun fẹ́ fọhùn kẹ́yìn sí mi. Sátidé yìí, aago mẹ́wàá." Ó na ìka sí rédíò tó ń hó lórí tábìlì. "Àwẹ̀ró, bí n kò bá rí ohun tó ń pa ariwo yìí kó tó di Sátidé, n kò tún ní gbọ́ ohùn ọ̀rẹ́ mi mọ́ títí tí n ó fi kú."

Ní Ọjọ́bọ̀, bó ṣe jẹ ẹ̀kọ tán ló gbéra. Ó mọ̀ pé irú ariwo bẹ́ẹ̀ kì í ti ojú ọ̀run wá. Inú ilé kan ládùúgbò ni, nǹkan kan tó ń jẹ iná ló ń tú u jáde. Òkè-Àràbà sì ní àṣà kan tí wọn kì í fi ṣeré: ẹran tó bá sọnù, ilé olóhun ni wọ́n ti ń kọ́kọ́ wá a. Wọ́n á wo ẹ̀yìn ìkòkò rẹ̀, wọ́n á wo abẹ́ ibùsùn rẹ̀, kí wọ́n tó kan ilẹ̀kùn ẹlòmíràn. Oyèwùsì pa àṣà náà mọ́. Ó fa máìn ilé rẹ̀ sísàlẹ̀, fáànù dúró, bọ́ọ̀bù kú, fíríìjì dákẹ́. Ó fetí sí rédíò tó ń jẹun lára bátìrì: kẹ̀ẹ̀rẹ̀rẹ̀rẹ̀rẹ̀!

"Ó tán!" ó wí. "Ilé mi mọ́ tónítóní. Ó ku ilé yín!"

Ó gbé rédíò pẹ́ńpẹ́ tó fi ń gbọ́ ìròyìn, ó yí i síbi tí kò sí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ kó lè gbọ́ ariwo náà ketekete, ó gbé e mọ́ àyà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí bírí láàárín àgbàlá.

"Bàbá Ìbídùn," Àwẹ̀ró ń ṣa ìrẹsì, "ijó wo lẹ̀ ń jó láìsí ìlù?"

"Ọdẹ ni mò ń ṣe. Ẹran tí mò ń dọdẹ yìí kò lẹ́sẹ̀."

"Kò lẹ́sẹ̀, ẹ wá ń yọ́ rìn! Ṣé ó máa sá lọ ni?"

Ọkàn Oyèwùsì ti lọ sí ọ̀dọ̀ Múfù wẹ́dà, tí ń jó irin lẹ́bàá títì. Ó ní Múfù ni. Bó ṣe ń wọ bàtà láti lọ bá a jà ni wọ́n mú iná gbogbo àdúgbò lọ. Gbogbo ẹ̀rọ kú fin-ín. Múfù ń ṣépè lókèèrè. Oyèwùsì gbé rédíò sétí. Kẹ̀ẹ̀rẹ̀rẹ̀rẹ̀rẹ̀! Kò yẹ̀ díẹ̀!

"Háà! Kì í ṣe iná ìjọba ló ń jẹ!" ó kígbe. Ara rẹ̀ ti ń gbóná. Inú wá ń dùn ún bí ti ọ̀dọ́kùnrin. Ó ti pẹ́ tí ọ̀ràn kan ti mú un lára tó báyìí. Bó ṣe dúró síbẹ̀, ìkùukùu ńlá kan kọjá lójú oòrùn, àgbàlá ṣókùnkùn díẹ̀, ariwo sì rọlẹ̀, ó ń dún kẹ́kẹ́, kẹ́kẹ́. Ìkùukùu kọjá. Oòrùn yọ gbàà. Kẹ̀ẹ̀rẹ̀rẹ̀rẹ̀rẹ̀!

Oyèwùsì fò sókè, bàtà kan bọ́ lẹ́sẹ̀ rẹ̀. "Àwẹ̀ró! Àwẹ̀ró o! Ọwọ́ mi ti tẹ̀ ẹ́! Oòrùn ló ń jẹ!"

"Ta ló ń jẹ oòrùn?"

"Ariwo! Ara sólà ló ti ń wá! Ta ló ní sólà ládùúgbò yìí?"

Àwẹ̀ró gbé ojú sókè wo orí òrùlé wọn. "Àwa náà kúkú—"

"Ràfátù!" Oyèwùsì gba ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. "Tiwa ti ń lọ sí ọdún méjì, ṣé ó pariwo rí? Ọ̀sẹ̀ mélòó ni ariwo dé? Mẹ́ta. Ọ̀sẹ̀ mélòó ni Ràfátù gbé sólà dé? Mẹ́ta! Ṣé ó tún kù?"

Ẹ̀yin ará mi, ó kù. Sólà Oyèwùsì ti pẹ́ lórí ilé lóòótọ́, Ìbídùn ọmọ rẹ̀ ló rà á fún un, òun ló ń rọ iná sínú bátìrì tí rédíò ń lò. Ṣùgbọ́n àpótí kékeré kan wà láàárín sólà àti bátìrì, tí ń wọn iná sínú bátìrì kó má ba à pọ̀ jù. Àpótí yẹn ti bàjẹ́ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, Oyèwùsì sì ti fi tuntun kan tí kò wọ́n rọ́pò rẹ̀. Kò tóbi ju agolo mílíìkì lọ. Ta ló máa ka agolo mílíìkì mọ́ ọ̀tá?

Ràfátù tí ó ń wí yìí, abiyamọ tó ń ta yìnyín ni, ilé kẹfà sí tirẹ̀. Ó gbé fíríìsà kan sí iwájú ilé, sólà ló ń lò ó, òun ni gbogbo àwọn ẹlẹ́ja Òkè-Àràbà gbójú lé. Oyèwùsì kọjú sí ilé náà, rédíò wà láyà. Wàyí o, ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, kí ẹ bá mi dá a lẹ́jọ́. Bó ṣe ń kúrò nílé rẹ̀ ni ariwo ń relẹ̀. Ilé kejì, ó relẹ̀. Ilé kẹrin, ó kù díẹ̀. Nígbà tó fi máa dé ẹnu ọ̀nà Ràfátù, agbára káká ló fi ń gbọ́ ọ. Ẹlòmíràn ì bá ti ronú. Oyèwùsì fẹsẹ̀ kilẹ̀: "Ó ti gbúròó mi! Ó ti yára pa á!" Ó yíjú padà sílé. Ilé kẹrin, ariwo gòkè. Ilé kejì, ó ń hó. "Ẹ ò rí ayé? Bí mo ṣe kẹ́yìn sí i báyìí ló tún tàn án!" Ẹ̀ẹ̀mẹta ló lọ, ẹ̀ẹ̀mẹta ló bọ̀, òógùn bò ó, ó sì ń dá ara rẹ̀ lójú sí i.

Ní ẹ̀ẹ̀kẹrin, Ràfátù jáde sí i, ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó kúnlẹ̀. "Ẹ káàárọ̀ o, Bàbá. Ṣé kò sí nǹkan? Mo rí yín tí ẹ ń lọ tí ẹ ń bọ̀ láti àárọ̀."

"Ràfátù, kí lo máa ń pa tí o bá rí mi?"

"Kí n pa kí ni, Bàbá? Ṣé adìẹ ni?"

"Ẹ̀rọ yìí ń pariwo sínú rédíò mi. Bí mo bá dé, o pa á. Bí mo bá lọ, o tàn án."

Ràfátù wo fíríìsà, ó wo bàbá. Fíríìsà ń dún húún jẹ́ẹ́jẹ́. "Bàbá, ẹ fọwọ́ kàn án. Kò kú láti àná."

Ọ̀rọ̀ di ti Baálẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀, wọ́n pé síwájú ilé Baálẹ̀, àdúgbò jáde bí ẹni pé ìyàwó tuntun wọ̀lú. Oyèwùsì sọ tirẹ̀. Nígbà tó dé orí ọ̀fun Dáfò, àwọn obìnrin ń ṣe "yéè, ó mà ṣe o." Baálẹ̀ gbọ́ ọ tán, ó tún fìlà ṣe.

"Oyèwùsì, o mọ àṣà wa. Ẹran tó sọnù?"

"Ilé olóhun ni, Baálẹ̀. Mo ti wo tèmi. Mo pa máìn, kò sí nǹkan kan tó mí nínú ilé mi, ariwo kò dákẹ́."

Baálẹ̀ ì bá rán ẹnì kan lọ wò ó, ṣùgbọ́n àgbàlagbà ni Oyèwùsì, ọ̀rọ̀ àgbàlagbà tó sì tún mọ ìwé wáyà, ta ló máa ní kó tún un wí? Ó yíjú sí Ràfátù. Ó ní kó pa sólà rẹ̀ láti alẹ́ yẹn, kó má tàn án títí Oyèwùsì yóò fi bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ tán lọ́jọ́ kejì.

Ojú Ràfátù yí padà. "Baálẹ̀, ọ̀la lọjọ́ ọjà. Yìnyín àwọn ẹlẹ́ja ló kún inú ẹ̀. Bí mo bá pa á mọ́jú, á yọ́. Ẹja wọn á rà, wọn ò sì ní ra yìnyín lọ́wọ́ mi mọ́." Ó nu ojú ọmọ rẹ̀. "Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ gbọ́ ohùn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kẹ́yìn, n kò ní dènà rẹ̀. Mo máa pa á. Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ọ̀rọ̀ kan péré ni mo fẹ́ bi yín. Bí mo bá pa á, tí ariwo yẹn kò dákẹ́ ńkọ́?"

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Oyèwùsì dìde dúró, ó lu àyà. "Bí kò bá dákẹ́, kí gbogbo Òkè-Àràbà fi orúkọ mi pòwe!"

Ilẹ̀ Sátidé mọ́. Oòrùn tó yọ lọ́jọ́ náà, kò sí ìkùukùu kankan tó bá a pín ojú ọ̀run. Aago mẹ́sàn-án ààbọ̀, Oyèwùsì ti wọ bùbá funfun, ó jókòó síwájú rédíò bí ẹni tó fẹ́ gba àlejò. Ó tàn án.

Kẹ̀ẹ̀rẹ̀rẹ̀rẹ̀rẹ̀!

Ó pa á, ó tún un tàn. Kẹ̀ẹ̀rẹ̀rẹ̀rẹ̀rẹ̀! Ó tiẹ̀ le ju ti àná lọ.

"Ó ti tàn án! Ràfátù ti tan nǹkan rẹ̀! Àwẹ̀ró, lọ pè é wá fún mi!"

Kò pẹ́ tí Ràfátù fi dé, òun pẹ̀lú òǹwòran àdúgbò bí mẹ́wàá tí kò sí ẹni tó pè wọ́n. Àwọn àpò tútù tó fi ń bo yìnyín wà léjìká rẹ̀, omi ń kán lára wọn. Ó la àtẹ́lẹwọ́. Irin ìdè bátìrì rẹ̀ méjèèjì ló wà níbẹ̀, ó ti tú wọn láti àná. "Bàbá, ẹ wò ó. Ẹ̀rọ wo ni yóò ṣiṣẹ́ láìsí èyí? Yìnyín mi ti ń ṣomi. Àwọn ẹlẹ́ja wà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń bú mi."

Aago lu mẹ́wàá. Nínú ariwo náà, nísàlẹ̀ pátápátá, nǹkan kan ń kùn. Oyèwùsì tẹ ohun ìgbọ́ràn mọ́ etí. "...wùsì... ṣé o..." Ariwo gbé e mì. Ó di gbohùngbohùn mú, ó ń ké: "Dáfò! Dáfò, mo wà o! N kò gbọ́ ọ! Tún un wí!" Kẹ̀ẹ̀rẹ̀rẹ̀. "...yè..." Kẹ̀ẹ̀rẹ̀rẹ̀rẹ̀. Omi lé sójú bàbá. Kò sí òǹwòran kan tó rántí rẹ́rìn-ín mọ́. Aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Ràfátù ló la ẹnu. Ó rọra sọ ọ́, nítorí ọmọ gidi ni. "Bàbá, ẹ má bínú sí mi. Ẹran tó sọnù..."

"Mo ti pa máìn! Ẹ̀ẹ̀melòó ni n ó wí i?"

"Mo gbọ́, Bàbá. Sólà tó wà lórí ilé yín yìí ńkọ́? Ṣé ọ̀dọ̀ máìn ló ń gbà wọlé ni?"

Gbogbo ojú lọ sókè. Sólà nà gbalaja sórí páànù, ó dọ̀bálẹ̀ fún oòrùn, ó ń dán yinrin. Oyèwùsì wò ó. Ó wo wáyà tó ti ara rẹ̀ sọ̀kalẹ̀, ó tẹ̀ lé e lójú títí dé ara ògiri, títí dé ara àpótí kékeré tó rà lọ́jà ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta! Ó pariwo tí adìẹ fi tú ká. "Mo gbé! Èmi Oyèwùsì, mo gbé! Ẹ bá mi tú u! Ẹ bá mi tú u!"

Ó sáré sí àpótí, ṣùgbọ́n ìdè rẹ̀ le, irin tó fi ń tú u já bọ́ lẹ́ẹ̀mejì. "Yóò ti lọ! Dáfò yóò ti lọ!"

Ràfátù kò dúró. Ó tú ọmọ lẹ́yìn, ó gbé e lé Àwẹ̀ró lọ́wọ́, ó fa àkàbà ti ògiri, ó sì gùn ún pẹ̀lú àwọn àpò léjìká. "Oòrùn ló ń jẹ, àbí? Ohun tí mo fi ń gba yìnyín mi lọ́wọ́ oòrùn nìyí!" Ó ju àpò kan sórí sólà. Nínú ilé, ariwo rọlẹ̀. Ó ju èkejì. Ariwo di wíńní. Ó na ẹ̀kẹta bo igun tó kù.

Ariwo kú.

Ó dákẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí gbogbo wọn gbọ́ omi tó ń kán láti ara àpò sórí páànù. Ohùn kan sì jáde nínú rédíò, ó há, ó ń fà, ṣùgbọ́n ó mọ́ kedere bí ẹni pé inú yàrá ló wà: "...ó dàbí pé kò sí níbẹ̀. Ó dára. Oyèwùsì, bí o bá ń gbọ́ mi, mo dúpẹ́. Mo fẹ́ pa á báyìí o."

"Má pa á!" Oyèwùsì fò mọ́ gbohùngbohùn. "Dáfò, má pa á! Mo wà! Mò ń gbọ́ ọ ketekete!"

Ohùn Dáfò tún dé: "Oyèwùsì. Ṣé o ṣì wà láyé?"

"Mo wà o, mò ń dúró—" Kò lè parí rẹ̀. Ó sunkún. Àwẹ̀ró náà ń sunkún, ọmọ Ràfátù rí wọn, ó bá wọn sun ún. Ìyìn ni fún Ọlọ́run, àwọn òǹwòran ń hó yèè níta bí ẹni pé wọ́n gbá bọ́ọ̀lù wọlé.

Wákàtí kan gbáko ni wọ́n fi sọ̀rọ̀. Wọ́n sọ ti Ọ̀fà, wọ́n sọ ti àwọn ọmọ, wọ́n sọ ti ohun tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbọ́, Àwẹ̀ró sì lé àwọn òǹwòran lọ. Nígbà tó kù díẹ̀, Dáfò bèèrè ohun tó ń pariwo gan-an. Oyèwùsì kò fi nǹkan pa mọ́. Ó sọ ti máìn, ó sọ ti Múfù, ó sọ bó ṣe lọ tó bọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta níwájú ilé ọlọ́mọ, ó sọ ti Baálẹ̀ àti yìnyín tó yọ́. Dáfò rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó há, tó ń dá dúró, tó tún ń bẹ̀rẹ̀.

"Oyèwùsì," ló wí, "ohùn mi ti ń tán, jẹ́ kí n fi èyí lé ọ lọ́wọ́. Ariwo tí Oyèwùsì ń wá kiri, orí òrùlé rẹ̀ ló ti ń yá oòrùn. Ó dàbọ̀, ọ̀rẹ́ mi."

Rédíò kú.

Oyèwùsì dìde, ó jáde sí Ràfátù ní àgbàlá, ó sì fẹ́ dọ̀bálẹ̀. Ràfátù pariwo, "Rárá, Bàbá! Ẹ má fi ṣépè fún mi!" ó sì di apá rẹ̀ mú. "Ó dáa," Oyèwùsì wí, "bí o kò bá jẹ́ kí n dọ̀bálẹ̀, o ó jẹ́ kí n bá ọ ru yìnyín rẹ." Àgbàlagbà náà, pẹ̀lú bùbá funfun rẹ̀, gbé abọ́ yìnyín tó kù lé orí, ó rù ú wọ ọjà, omi ń ṣàn sí i lọ́rùn. Ó dé ọ̀dọ̀ ẹlẹ́ja kọ̀ọ̀kan, ó ń wí pé, "Ẹ̀bi mi ni, kì í ṣe ti Ràfátù. Ẹ má fi í sílẹ̀." Àwọn ẹlẹ́ja kò fi í sílẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹta, ọmọdé ti ń fi orúkọ rẹ̀ pòwe lójú pópó, bó ṣe fi ẹnu ara rẹ̀ wí i. Ìbídùn wálé, ó gbọ́ ọ, inú bí i, ó ní òun máa fi ẹjọ́ wọn sun Baálẹ̀. Oyèwùsì ní, "Má dán an wò. Jẹ́ kí wọ́n máa wí i. Ìgbàkígbà tí wọ́n bá wí i, ohùn Dáfò ni mò ń gbọ́."

Iṣẹ́ abẹ yọrí sí rere. Sátidé kan dé, oṣù méjì lẹ́yìn náà, àpótí mìíràn ti wà lára ògiri, rédíò mọ́ tónítóní. Oyèwùsì kàn jókòó síbẹ̀ nítorí pé aago mẹ́wàá ti lù ni, kò retí ẹnikẹ́ni. Lójijì, nǹkan kan bẹ̀rẹ̀ sí í kàn: kọ́, kọ́-ọ́, kọ́. Ó nà gbọ̀n-ọ́n-ràn. Ìka ni! Ẹnì kan ń fi ìka ta ọ̀rọ̀ ránṣẹ́, bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílé iṣẹ́ wáyà láyé àtijọ́! Ó fa bébà, ó ń kọ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan bó ṣe ń bọ́ sílẹ̀, Àwẹ̀ró sì ń kà á láti ẹ̀yìn èjìká rẹ̀: Oyèwùsì, ṣé o ti wo òrùlé rẹ?

Ẹ̀rín tí bàbá náà rín, wọ́n gbọ́ ọ dé ilé Ràfátù. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń kan ilẹ̀kùn onílẹ̀kùn, tí ẹ ń fa máìn tí ẹ ń ní ilé yín ti mọ́, ẹ gbé ojú sókè ná. Ariwo tí Oyèwùsì ń wá kiri, orí òrùlé rẹ̀ ló ti ń yá oòrùn.